Ewé Dóńgóyárò Lọ́wọ́ Onímọ̀ Kẹ́mísìrì

Kí n tó la ẹnu sọ̀rọ̀, mo júbà àwọn tí wọ́n ti mọ ewé kí a tó bí wa, àwọn baba àti ìyá tí ń wọ igbó lọ kí ìrì tó gbẹ, tí wọ́n mọ èyí tí a ń gún, èyí tí a ń sè, àti èyí tí a kò gbọdọ̀ fi kan ọmọ ọwọ́ lẹ́nu. Ìbà wọn o, kí ọ̀nà ó là fún mi.

Ewé kan ṣoṣo ni mo mú wá lónìí. Láti ẹsẹ̀ òkè Olósunta níhìn-ín ní Ìkéré-Èkìtì títí dé Ìsẹ̀ àti Èmùré, díẹ̀ ni ọmọ tí ibà dá wó rí tí a kò fún ní omi dóńgóyárò mu, tí kò sì fajú ro nítorí ìkorò rẹ̀. Àlejò ni igi náà láàárín wa: ìhà Íńdíà ni ó ti wá, láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni ó sì dé Òkè Ọya ilẹ̀ Nàìjíríà kí ó tó sọ̀kalẹ̀ tọ̀ wá wá. Ṣùgbọ́n bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní àlejò mọ́ nínú àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ wa.

Ní ọdún 1967, ọdún náà gan-an tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, Donald Ekong, onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tí ó wá di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Port Harcourt, tẹ ìwé kan jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú èyí tí ó ti fi ìrísí mólékù kan tí ń bẹ nínú ewé dóńgóyárò hàn fún gbogbo ayé. Nimbolide ni orúkọ mólékù náà. Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Ewé kan a máa ní ọ̀kẹ́ àìmọye mólékù nínú, gbogbo wọn á sì ti lọ́ mọ́ra wọn. Ẹni tí yóò ya ọ̀kan sọ́tọ̀ nínú wọn yóò sá ewé, yóò lọ̀ ọ́, yóò rẹ ẹ́ sínú ọtí líle tàbí irú omi mìíràn tí ń fa agbára ewé jáde, yóò sẹ́ ẹ, yóò da ohun tí ó kù gba inú òpó gíláàsì tí a kó lúbúlúbú kún, kí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá lè ṣáájú kí èyí tí ń fà sì tẹ̀lé e, yóò sì tún un ṣe, yóò tún un ṣe, títí ohun tí ó ń wá yóò fi dì sójú rẹ̀ ní mímọ́, láìsí àbùlà. Nígbà náà ni ìbéèrè gan-an tó bẹ̀rẹ̀: átọ̀mù wo ló di èwo mú, apá wo ló kọjú sókè, èwo ló kọjú sílẹ̀? Èsì rẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù 27, háídírójìn 30 àti ọ́síjìn 7, tí wọ́n so kọ́ra, tí igun kan sì wà lára wọn tí kò ní ìsinmi, tí ń wá ohun tí yóò lẹ̀ mọ́ láìní í tú mọ́. Igun yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ mólékù láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọn kò dúró de igi kí ó so tàbí kí ó rú ewé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú òye tí iṣẹ́ náà ń béèrè, kí ó rántí Olówè ará Ìsẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére, tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún àfin Ògògà, ọba Ìkéré, ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1924, tí ó sì wà nílẹ̀ òyìnbó títí di òní olónìí. Ère Olówè kì í lẹ̀ pẹrẹsẹ mọ́ pátákó; a máa yọ jáde, a máa yí orí sí ọ̀tún, a máa yí i sí òsì, bí ọ̀bẹ bá sì ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ti bàjẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mólékù ní ọ̀tún àti òsì, àti pé èyí tí a kọ́ ní òdìkejì, bí ó tilẹ̀ ní gbogbo átọ̀mù tí ó yẹ kí ó ní, ara lè má mọ̀ ọ́n rárá. Àpẹẹrẹ kan nìyí: nínú èso igi dóńgóyárò kan náà ni mólékù tí a ń pè ní azadirachtin wà, èyí tí kì í jẹ́ kí kòkòrò lè jẹun tàbí kí ó bọ́ awọ. Ọdún 1985 ni ìrísí azadirachtin tó dájú. Steven Ley àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dáwọ́ lé kíkọ́ rẹ̀, ọdún 2007 ni wọ́n tó parí rẹ̀ ní Cambridge. Ọdún 22 lórí mólékù kan! Mo bu ọlá fún irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí igun nimbolide tí kò ní ìsinmi. Ní ọdún 2019, Daniel Nomura àti Thomas Maimone ní Yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Novartis, wádìí ohun tí nimbolide ń dì mú nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú. Wọ́n rí i pé purotéènì kan ni, RNF114, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti fi àmì ikú sára àwọn purotéènì mìíràn, kí sẹ́ẹ̀lì lè wó wọn palẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń fi àmì sí lára ni p21, èyí tí ń kó sẹ́ẹ̀lì níjàánu kí ó má baà máa pín láìdúró. Nígbà tí nimbolide bá ti fi igun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ RNF114, nítòsí orí rẹ̀, ọwọ́ RNF114 kò tún lè tó p21 mọ́. P21 á wá pọ̀ sí i, jẹjẹrẹ á sì dẹ́kun àtidàgbà. Àwọn onímọ̀ náà kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n átọ̀mù so nimbolide pọ̀ mọ́ mólékù mìíràn tí ń di purotéènì BRD4 mú, RNF114 sì fi àmì ikú sára BRD4, tí kì í ṣe ìjẹ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Lẹ́yìn èyí, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ oògùn dasatinib, kí ó lè pa BCR-ABL run, purotéènì tí ń fa irú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan. Wọ́n tún wá mólékù mìíràn rí, EN219, tí ó rọrùn láti kọ́ ju nimbolide lọ, tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ojúkò kan náà.

Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ yẹn kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 2003 ni àwọn tí ó ń bá jà láti gbogbo Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé-ìwòsàn yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn Glivec lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí ń dá BCR-ABL lọ́wọ́ dúró. Àwọn ènìyàn wa láti Èkìtì kò ṣàì sí lára wọn.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ fetí sí mi dáadáa níhìn-ín. Inú àwo ìwádìí àti lára eku ni gbogbo ohun tí mo sọ nípa nimbolide ti ṣẹlẹ̀. Nimbolide kò tíì di oògùn tí dókítà lè kọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ní jẹjẹrẹ kò gbọdọ̀ fi ìtọ́jú sílẹ̀ kí ó máa mu àgbo dóńgóyárò, nítorí ìwọ̀n nimbolide tí ó wà nínú ìkòkò kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Epo inú èso dóńgóyárò ti ṣe ìkókó ní ìjàm̀bá tí ó le ní Màléṣíà, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn.

Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa mọ orúkọ Berkeley tí wọn kò sì mọ orúkọ Ekong. Bí kò bá sí iṣẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe ní Ìbàdàn ní 1967, ibo ni àwọn ti 2019 ì bá ti bẹ̀rẹ̀? Ọwọ́ ni kẹ́mísìrì ń gbà wọ ènìyàn lára, síbẹ̀ mo ti rí ilé-ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ti ń ya ìgò àti iná sójú pátákó, tí àwọn ọmọ ń dà á kọ, tí wọ́n sì ń jáde láìfọwọ́ kan ìgò kan rí. Oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn àrò ní í gbé. Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà wà níhìn-ín ní Ìkéré, tí a sọ di yunifásítì láti ara kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Àwọn ọmọ tí yóò wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ bí a ti ń sẹ́ omi ewé kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú Ìkéré, Ìsẹ̀ àti Èmùré, nígbà tí ẹ bá tún ń dáwó ọdún, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ owó yàrá kẹ́mísìrì ilé-ẹ̀kọ́ girama yín sọ́tọ̀ kí ẹ tó pín èyí tí ó kù.