Asofẹ́yẹjẹ, Ehoro àti Ẹsẹ̀ Tí Kò Gbọ́ràn

Iṣẹ́ mi níhìn-ín ni kí n ṣàlàyé bí dòpámíìnì àti sẹrotóníìnì, kẹ́míkà méjì inú ọpọlọ, ṣe ń pawọ́ pọ̀ darí ìrìn wa. Inú igbó tiwa ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi egbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1960. Agbára egbò náà wà nínú résápíìnì, èròjà tí ilé iṣẹ́ Ciba ní Basel yọ jáde ní 1952 lára igi Íńdíà kan tó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ. Ó ń mú orí tó gbóná tutù. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí ara ẹni tó ń lò ó le, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ìrìn sì falẹ̀.

Kí ló fà á? Ní 1955, ilé ìwádìí Bernard Brodie ní Amẹ́ríkà rí i pé résápíìnì ń gbọ́n sẹrotóníìnì gbẹ nínú ọpọlọ, wọ́n sì gbà pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Arvid Carlsson, ará Sweden tó ti bá Brodie ṣiṣẹ́, kò gbà. Ní 1957, ní Lund, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ehoro ní résápíìnì. Ehoro dùbúlẹ̀, etí rẹ̀ sọ̀ wálẹ̀. Wọ́n fún un ní ohun tí ọpọlọ fi ń ṣe sẹrotóníìnì, kò mira. Wọ́n fún un ní L-DOPA, tí ọpọlọ ń sọ di dòpámíìnì. Etí nà ṣánṣán, ehoro dìde! Ní 1960, àwọn onímọ̀ Ehringer àti Hornykiewicz ní Vienna yẹ ọpọlọ àwọn òkú tó ti ní àrùn Parkinson wò, àrùn tí òun náà ń mú ara le, tó ń jẹ́ kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ìrìn sì falẹ̀, wọ́n sì rí i pé dòpámíìnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní apá tó ń ṣètò ìrìn. Láti ibẹ̀ ni L-DOPA ti di oògùn àrùn náà.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé dòpámíìnì ló ni ìrìn, sẹrotóníìnì ló ni ìdùnnú. Ìpín yẹn rọrùn jù fún mi. Àwọn sẹ́ẹ̀lì sẹrotóníìnì, tó wà lọ́gangan ìdí ọpọlọ, na ẹ̀ka wọn dé ibi tí dòpámíìnì ti ń ṣètò ìrìn, wọ́n sì ń dá a dúró tàbí tì í síwájú. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, irinṣẹ́ kan náà ni oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjèèjì ń lò: èròjà kan náà ló ń parí iṣẹ́ ṣíṣe kẹ́míkà wọn, ẹnu ọ̀nà kan náà ló ń kó o pamọ́. Ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ni résápíìnì ń dí. Ìdí nìyí tí kẹ́míkà méjèèjì fi ń gbẹ pọ̀.

Wàyí o, nígbà tí Parkinson bá ti pa púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì dòpámíìnì, ta ló ń sọ L-DOPA tí aláìsàn gbé mì di dòpámíìnì? Àwọn sẹ́ẹ̀lì sẹrotóníìnì ń kó o wọlé, wọ́n ń sọ ọ́ di dòpámíìnì, wọ́n sì ń tú u jáde. Wọ́n dà bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó ti ìsọ̀, tó ń tà láìmọ ìwọ̀n. Sẹ́ẹ̀lì dòpámíìnì a máa mọ̀ bí tirẹ̀ bá ti pọ̀ jù, a dáwọ́ dúró, a sì kó èyí tó ṣẹ́kù padà. Sẹ́ẹ̀lì sẹrotóníìnì kò ní ohun tí yóò fi mọ̀ ọ́n. Bí oògùn bá ti wọlé, dòpámíìnì a ya bo ọpọlọ. Bí ó bá tán, a gbẹ pátápátá. Bí èyí bá ti ń ṣẹlẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ẹni tí oògùn gbé dìde lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọrùn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa jó láìsí ìlù. Àwọn ará ilé a ní ayé ló ń ṣe é. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí èyí dá oògùn dúró fún ẹnikẹ́ni, dókítà ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀.)

Ní 2007, Manolo Carta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní Lund kan náà, pa sẹ́ẹ̀lì sẹrotóníìnì lára eku tó ní irú àìsàn yìí. Ijó òdì náà dáwọ́ dúró. Nígbà tí wọ́n fi oògùn pa àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún lẹ́nu mọ́, ó tún rọlẹ̀.

Lára ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí lẹ́nu mọ́ lè dín àǹfààní L-DOPA náà kù. Nítorí náà ni dókítà fi ń pín L-DOPA sí kéékèèké jálẹ̀ ọjọ́. Bí ìyẹn kò bá tó, wọ́n á fi amantadine kún un, oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún àrùn fúlúù, tí ọ̀nà tó ń gbà mú ijó náà rọlẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti sẹrotóníìnì.