Owó Oṣù Kan, Olówó Mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ gbèsè ni mo mú wá, pàápàá ti ẹni tí ó jẹ ènìyàn púpọ̀ tí kò sì ní ju owó oṣù kan lọ.

Láyé àwọn baba wa, bí olówó bá béèrè owó rẹ̀ títí tí ó sú u, a ránṣẹ́ sí ológò. Ológò yóò wọ ilé onígbèsè, yóò dógò tì í, yóò máa bú u. Adìẹ tí ó bá sì rí ní àgbàlá, pípa ni. Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ kọ èyí sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Ẹlòmíràn a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà: iṣẹ́ tí ó ń ṣe lóko olówó, èlé ni, ojú owó kò dín. Ẹni tí ó bá jẹ olówó méjì wá rí ìdààmú, nítorí ọwọ́ tí ó fi ń kọ ebè kò ju méjì lọ.

Lónìí, Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà wí pé gbogbo ohun tí a lè yọ nínú owó òṣìṣẹ́ ní oṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta lọ. Ká ní 90,000 náírà ni akọ̀wé kan ń gbà. Bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bá ń yọ 18,000, 12,000 péré ni ó kù fún olówó kejì. Ẹnìkẹta yóò dúró. Ọ̀gá iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan 60,000 tí ó kù, ìbáà ṣe olówó mẹ́wàá ni ó ń kan ilẹ̀kùn. Mo fara mọ́ èyí, nítorí ẹni tí kò jẹun kò lè ṣiṣẹ́ san gbèsè.

Ṣùgbọ́n odi yìí kò kọjá ọwọ́ ọ̀gá iṣẹ́. Bí owó bá ti wọ báńkì, ọ̀rọ̀ di òmíràn. Ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ kí báńkì gbé owó onígbèsè tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tí ó jàre. Láti 2020 ẹ̀wẹ̀, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa gbà kí báńkì tí ó yá ènìyàn lówó fa owó náà yọ nínú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì mìíràn, bí ó bá ti fọwọ́ sí i nígbà tí ó ń yá a. Ẹni tí ó pẹ́ dé a bá àwo òfìfo. Ológò ti padà wá. Ariwo rẹ̀ nìkan ni a kò gbọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1971 fún ilé ẹjọ́ láyè láti kó gbèsè púpọ̀ sábẹ́ àṣẹ kan ṣoṣo: ọ̀gá iṣẹ́ a yọ owó náà, ilé ẹjọ́ a pín in fún àwọn olówó, a ó sì ti dárúkọ iye tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Èyí ni mo yàn láàyò. Amẹ́ríkà, ní 1968, fi ààlà sí ìdá kan nínú mẹ́rin lẹ́yìn owó orí fún gbogbo olówó lásán lápapọ̀. Owó ìtọ́jú ọmọ a máa ṣáájú wọn.

Ẹ̀yin olóyè, nígbà tí a bá mú onígbèsè wá síwájú yín, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó gba ìlérí kankan lẹ́nu rẹ̀ fún ẹni tí ó mú un wá, ẹ bi í pé, “Ta ni ẹlòmíràn tí o jẹ?” kí ẹ sì jẹ́ kí akọ̀wé kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀.