Ọdẹ Tí Ó Bá Ara Rẹ̀ Pàdé Nínú Ààfin Dracula

Bí a bá dárúkọ eré orí ẹ̀rọ láàárín àwọn tí ń kọ́ni, ẹ̀sùn tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé ó ń jẹ àkókò ọmọ, pé ìjà àti ìpànìyàn ni ó sì kún inú rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Eré tí ìjíròrò yìí dá lé lórí kò tilẹ̀ rọrùn láti gbèjà, nítorí egungun òkú ni ó ń rìn kiri inú rẹ̀, àdán ni ó ń já lu ènìyàn láti òkè àjà, idà àti ọ̀kọ̀ kì í sì í dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Castlevania: Aria of Sorrow ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Konami ti ilẹ̀ Jàpáànì ni ó gbé e jáde ní ọdún 2003 fún Game Boy Advance, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí ọmọdé lè fi ọwọ́ méjèèjì mú kí ó sì máa fi ṣeré nínú ọkọ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè kan wà nínú eré yìí tí ó ń wọ ni lára ju bí ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ti lè béèrè rẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá rídìí rẹ̀ pé ìkà paraku ni òun nígbà tí òun kọ́kọ́ wá sáyé, ǹjẹ́ ó di dandan kí ó tún padà di ìkà?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí Dracula í ṣe. Bram Stoker, ọmọ ilẹ̀ Áílándì, ni ó kọ ìwé tí ó sọ orúkọ yìí di mímọ̀ káàkiri ayé, ní ọdún 1897. Nínú ìwé kan ní ilé ìkàwé ìlú Whitby, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ti rí orúkọ náà ní ọdún 1890. Vlad, ọba kan tí ó jẹ ní ilẹ̀ Wallachia láyé àtijọ́, ni ó ń jẹ́ ẹ. Stoker kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Transylvania rí, èyí tí ó wà nínú orílẹ̀-èdè Rọmáníà lónìí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ó fi ààfin Dracula sí. Dracula inú ìwé rẹ̀ jẹ́ ìjòyè tí ó ti kú tí kò rà, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ alààyè kí ó má bàa gbó, tí dígí kò sì í fi àwòrán rẹ̀ hàn. Àwọn ènìyàn díẹ̀ kó ara wọn jọ láti dọdẹ rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Van Helsing ni ó sì ṣáájú wọn. (Inú àwọn olùkọ́ yóò dùn láti gbọ́ pé ìwé kíkà ni ohun ìjà àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà mú dání.)

Ohun kan wà nínú ìwé Stoker tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ fi sọ́kàn. Lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n fi hun ìwé náà. Àwọn ọdẹ ń kọ tiwọn, àwọn obìnrin tí ewu dojú kọ ń kọ tiwọn, dókítà ń kọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ kan tí ó jẹ́ ti Dracula. Ẹnu ọ̀tá rẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ìta ni ibi wà. Àwọn ẹni rere ni ó ń sọ ìtàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nígbà tí Konami bẹ̀rẹ̀ eré Castlevania ní ọdún 1986. Simon Belmont ni ọdẹ tí ó kọ́kọ́ wọ ààfin náà, pàṣán ni ó sì mú lọ́wọ́. Nínú àwọn eré tí ó tẹ̀ lé e, a rí i pé ìran Belmont ni ó ń jogún pàṣán yìí láti ọwọ́ baba dé ọwọ́ ọmọ. Bí Dracula bá kú, yóò tún jí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ Belmont mìíràn yóò sì tún dìde. Ogún ni ogun jẹ́ fún wọn. Ẹni tí a bí sí ìran rere yóò ṣe rere, ẹni tí ó jẹ́ ìkà yóò máa jẹ́ ìkà lọ, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ìdí. Ní ọdún 1997, nǹkan yí padà díẹ̀, nígbà tí Symphony of the Night jáde fún PlayStation, tí ó sì jẹ́ pé Alucard, ọmọ bíbí inú Dracula gan-an, ni ó gbógun ti baba rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka Alucard láti ẹ̀yìn wá sí iwájú yóò rí orúkọ tí ó farasin níbẹ̀. Ọgbọ́n yìí kì í sì í ṣe ti Konami, inú fíìmù Amẹ́ríkà kan ti ọdún 1943 ni ó ti wà. Koji Igarashi, tí ó wà lára àwọn tí ó ṣe eré ti ọdún 1997 yìí, ni ó wá ṣe olóòtú Aria of Sorrow.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò ṣe é fò dá. Ojú àwòrán Game Boy Advance, tí Nintendo mú jáde ní ọdún 2001, kò ju àmì wínníwínní 240 ní ìbú àti 160 ní òró lọ. Bátìrì kéékèèké méjì ni ó ń gbé e ṣiṣẹ́, kò sì ní iná kankan lẹ́yìn ojú rẹ̀, nítorí náà ẹni tí yóò fi ṣeré ní láti wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà jókòó sí. Ẹ wá wo bí yóò ti ṣòro tó láti gbé ìtàn òru, ibojì àti ààfin ahoro sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀! Circle of the Moon, tí ó jáde ní ọdún 2001 kan náà, kó sínú ọ̀fìn yìí. Eré tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ó ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ráhùn pé àwọn kò rí ohun tí ń pa àwọn. Ní ọdún 2002, Harmony of Dissonance gbìyànjú láti tún un ṣe. Wọ́n fi àwọ̀ títàn kún un, wọ́n tilẹ̀ fi ìlà aláwọ̀ búlúù yí ara ọdẹ ká kí ojú lè tètè rí i, ṣùgbọ́n ohùn orin rẹ̀ wá tín-ín-rín bí ohùn ẹni tí ń kọrin láti inú agolo. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọwọ́ wọn bà á. Ojú rí Aria of Sorrow dáadáa láìjẹ́ pé òkùnkùn rẹ̀ parẹ́, orin tí Michiru Yamane ṣáájú nínú ṣíṣe rẹ̀ sì tún ní ìwúwo. Ọdún 2003 yìí kan náà ni Nintendo mú irú ẹ̀rọ náà tí ó ní iná tirẹ̀ jáde.

Ìtàn rẹ̀ nìyí. Ọdún 2035 ni, ní Jàpáànì. Soma Cruz, tí ẹ̀dà èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó ti òkèèrè wá kàwé níbẹ̀, lọ sí ojúbọ Hakuba láti wo bí òṣùpá yóò ti bo oòrùn lójú. Mina, ọmọ olùtọ́jú ojúbọ náà, jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. (Ìṣíjibò oòrùn yìí kì í ṣe àròsọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2035, òṣùpá yóò bo oòrùn pátápátá ní apá kan ilẹ̀ Jàpáànì.) Bí ọ̀sán ti dòru, àwọn méjèèjì kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ mọ́, ìgbà tí wọ́n lajú, ẹnu ọ̀nà ààfin Dracula ni wọ́n bá ara wọn. Inú ìṣíjibò oòrùn ni a ti sé ààfin náà mọ́ láti ọdún 1999, ọdún tí Julius Belmont pa Dracula ní ikú àkútán.

Àwọn egungun abìyẹ́ dìde sí Soma. Ó pa wọ́n, nǹkan kan sì fò jáde láti ara wọn wọ inú ara rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Arikado wà níbẹ̀, ó sì sọ fún un pé ó ní agbára láti gba ẹ̀mí àwọn àǹjọ̀nú kí ó sì máa lò ó. Láti ìgbà náà lọ, ìkójọ ẹ̀mí ni eré di. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún oríṣi tí ó wà níbẹ̀. Àwọn kan wà fún ìjà, àwọn kan ń ṣọ́ni, àwọn kan ń fi okun kún okun, àwọn kan sì ń fún ẹsẹ̀ ní agbára tí kò ní tẹ́lẹ̀, kí ọ̀nà tí ó ti dí lè là. Ẹni tí ó mú ẹ̀rọ lọ́wọ́ yóò padà sí yàrá kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹwàá, yóò máa pa àǹjọ̀nú kan náà títí ẹ̀mí rẹ̀ yóò fi bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹni méjì tilẹ̀ lè fi okùn so ẹ̀rọ wọn pọ̀ kí wọ́n fi ẹ̀mí ṣe pàṣípààrọ̀, bí àwọn ọmọdé ti ń ṣe pẹ̀lú ọmọ ayò.

Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n àwọn tí ó ṣe eré náà wà. Ìkójọ yìí dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ẹni tí ń dúró béèrè pé irú ẹ̀dá wo ni ẹ̀mí àwọn àǹjọ̀nú máa ń wọ̀ lára, tí wọn yóò sì máa jẹ́ ìpè rẹ̀. Ìdáhùn ti wà ní ojú gbangba láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Àwọn mìíràn wà nínú ààfin: Yoko Belnades tí ìjọ rán wá, Hammer, sójà tí ó sọ ara rẹ̀ di oníṣòwò ohun ìjà, àti ọkùnrin kan tí kò rántí orúkọ ara rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní J. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni Graham Jones, ajíyìnrere ẹlẹ́rìn-ín músẹ́, tí a bí ní ọjọ́ tí Dracula kú ní ọdún 1999. Ó gbà pé òun ni àtúnwá Dracula, ó sì ń lépa ìtẹ́ náà lójú méjèèjì.

Bí Soma bá kàn bá Graham jà tí ó sì pa á, ìtàn lè parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ní hàn. Ìwé àtijọ́ mẹ́ta wà ní kọ́lọ́fín ààfin. Ẹni tí ó bá wá wọn rí tí ó sì kà wọ́n yóò mọ ẹ̀mí mẹ́ta tí ó yẹ kí ó gbé wọ̀ kí ó tó wọ yàrá ìtẹ́. Ọ̀kan ń ju iná, ọ̀kan ń sọ ènìyàn di àdán, ọ̀kan ń fa ìlera láti ara ẹni tí a bá ṣá. Ta ni ó ń ju iná, tí ń di àdán, tí ń fa ẹ̀mí ẹlòmíràn mu? Nígbà tí Graham bá ṣubú, ìrántí ayé àtijọ́ yóò dé bá Soma, yóò sì mọ̀ pé òun ni. Ẹni tí ó ń wá Dracula kiri láti ọ̀sán ti gbé e sínú ara rẹ̀ wọlé.

Graham tí ó ń fẹ́ ogún náà kò ní in. Soma tí ó ní in kò fẹ́ ẹ. J pẹ̀lú ti rántí pé òun ni Julius Belmont, ó sì mú pàṣán wá pàdé Soma. Wọ́n jà, Soma borí, ó sì bẹ Julius fún ohun kan: bí òun bá sọnù sínú agbára náà tí òun sì di Dracula, kí Julius pa òun. Julius gbà. Ìlérí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí ẹni tí ń ṣeré bá kú ní ọwọ́ Chaos, agbára ibi tí ó wà nídìí ààfin náà, ohun tí yóò rí ni Julius tí ó wọ yàrá ìtẹ́ wá pẹ̀lú pàṣán láti mú ìlérí ṣẹ. Bí ó bá sì borí, Soma yóò padà sí ojúbọ, sọ́dọ̀ Mina, gẹ́gẹ́ bí Soma.

Eré tí ó ti fi ọdún mẹ́tàdínlógún sọ fún ni pé ìran ni ó ń pinnu ìwà wá yí ohùn padà. Kò sì yí i padà ní ọ̀nà ẹ̀rọ̀. Soma kò lè sọ pé kì í ṣe òun, nítorí agbára Dracula ni ó fi la gbogbo ààfin já, ọwọ́ ẹni tí ń ṣeré ni ó sì fi kó o jọ pẹ̀lú ìdùnnú. Ohun tí ó kù tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni ohun tí ó bá fi agbára náà ṣe, àti àwọn ènìyàn tí ó fún ní àṣẹ láti dá òun dúró.

Àléébù eré náà kò farasin. Ìwé mẹ́ta tí ó gbé òtítọ́ pọ̀ farasin jù, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò pa Graham tí yóò sì gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ láìmọ̀ pé ìtàn kù. Mina ni a sì fi ìyà jẹ jù. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dá a dúró sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni pé ọmọbìnrin kò lè wọ ààfin kí ó sì jáde láàyè.

Nínú Dawn of Sorrow, tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 2005 lórí Nintendo DS, wọ́n fún Mina ní iṣẹ́ díẹ̀, nítorí ó fún Soma ní oògùn ìṣọ́ra kan. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ awo kan fi ẹ̀tàn hàn án pé wọ́n ti pa Mina lójú rẹ̀. Bí Soma bá wọ oògùn náà, yóò lè pa ọkàn rẹ̀ mọ́. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ìbínú yóò gbé e lọ, ìtàn yóò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Julius, Yoko àti Alucard. Ẹni tí ó mú ẹ̀rọ lọ́wọ́ yóò wá tọ ọ̀nà kan náà láàárín àwọn àǹjọ̀nú kan náà, àwọn ọ̀rẹ́ àná wọ̀nyí ni yóò sì máa darí, Soma ni wọn yóò sì máa dọdẹ.