Nígbà tí Iná Bá Rẹlẹ̀

Olùkọ́ èdè ni mí, n kì í ṣe onímọ̀ iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná tí mo bá wá lónìí, ọ̀rọ̀ èdè ni ó kọ́kọ́ jẹ́.

Bí áyọ́ọ̀nù télọ̀ kan ní Igbó-Ọrà kò bá gbóná tó, yóò ní, 'Iná ò lágbára.' Bí wáyà bá jó, 'iná ti pọ̀ jù' ni. Bí ó bá gbé ọmọdé, iná náà ni. Ẹrù mẹ́ta ni a dì ru ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ní Igbó-Ọrà tí ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì, ta ni ń fi orúkọ kan pe Táyé àti Kẹ́hìndé? Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí á wo inú wáyà.

Ẹ rántí òjò tí ń ṣàn láti orí àpáta ní Èrúwà. Gíga àpáta ni ó ń ti omi; omi tí ń kọjá ni ìṣàn; òkúta ojú ọ̀nà ni ìdènà. Bẹ́ẹ̀ ni ti iná. Ohun tí ń tì í, kí á pè é ní ipá ìtiná. Fólítì ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Áńpíà ni ti ìṣàn, óòmù ni ti ìdènà. Òfin tí Georg Simon Ohm, ará Jámánì, tẹ̀ jáde ní 1827 ni pé bí a bá fi ìṣàn pín ipá ìtiná, ìdènà ni a ó rí. Bí a bá sì sọ ipá ìtiná di púpọ̀ pẹ̀lú ìṣàn, a ó rí agbára iṣẹ́, tí a ń fi wáàtì wọ̀n.

Fólítì 230 ni ó yẹ kí ó wọlé wa. Kí á ní áyọ́ọ̀nù télọ̀ náà ń fa áńpíà 5. Ìdènà rẹ̀ jẹ́ óòmù 46. Agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1,150. Nígbà tí ó di alẹ́, fólítì já sí 115. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní agbára dín sí ìdajì. Rárá o! Ìdènà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Nítorí náà ìṣàn di áńpíà 2.5, agbára sì di wáàtì 287.5. Ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni ó kù, nítorí pé ipá dín sí ìdajì, ìṣàn náà sì dín sí ìdajì. Télọ̀ kò ya ọ̀lẹ.

Òfin kan náà ni ó ń jó ilé. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìdènà tirẹ̀. Bí a bá so áyọ́ọ̀nù méjì mọ́ ọn, tí ìṣàn di ìlọ́po méjì, ooru inú wáyà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Rọ́bà ara rẹ̀ a yọ́, ilé a sì gbiná.

Ní 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó kọ òfin Ohm sójú pátákó, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èyí tí ń tì, èyí tí ń ṣàn, àti èyí tí ń dènà. Ẹni tí ó mọ orúkọ wọn ni yóò mọ ìṣirò wọn.