Aṣọ Ọdún Yẹ Kó Bá Gbogbo Ara Mu

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ìmúra ọdún ní Banikanni, Parakou

  

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo fẹ́ sọ. Bí a bá ti kéde aṣọ ẹbí, inú àwọn kan a dùn, àwọn mìíràn a sì dákẹ́. Kì í ṣe owó nìkan ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹni tó sanra mọ̀ pé wọn yóò sọ fún òun pé, "Aṣọ yìí ò lè tó yín." Ẹni tó tín-ínrín mọ̀ pé wọn yóò bi òun bóyá ara òun ò yá. Kí wọ́n má baà gbọ́ irú rẹ̀, àwọn kan a jókòó sílé lọ́jọ́ ọdún.

Aṣọ àwọn baba wa kò mú ìtìjú yìí wá. Ìró kò ní nọ́ńbà. Bí ara bá fẹ̀ sí i lẹ́yìn ìbímọ, tàbí tó bá joro lẹ́yìn àìsàn, a tún ìró kan náà ró ni. Bùbá kì í fún ara pa. Ṣòkòtò ní okùn tí a fi ń so ó. Agbádá ń yẹ ẹni gbọ̀ngbọ̀nràn, ó ń yẹ ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Nọ́ńbà tó wà lọ́rùn aṣọ òkè òkun ńkọ́? Ẹ gbọ́ bí ti Amẹ́ríkà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1939 sí 1940, ìjọba wọn ní kí a wọn ara àwọn obìnrin tó tó 15,000. Ìwọ̀n àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n lò nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1941. Ìwé yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe ìlànà nọ́ńbà aṣọ obìnrin ní 1958. Nítorí náà, bí aṣọ tí a ti rán sílẹ̀ bá kọ̀ tí kò wọ ọmọbìnrin wa lọ́jà Arzèkè, kí ó má ṣe bú ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó wọn tirẹ̀ kí wọ́n tó gé e.

Àwa ní aránṣọ tó ń wọn ènìyàn kó tó gé aṣọ. Ẹ jẹ́ kí a lo àǹfààní náà.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ọdún, ẹ bá wa yan aṣọ àti àwọ̀, kí olúkúlùkù yan bí yóò ṣe rán an. Ẹ kéde iye owó yáàdì kan. Ìka kò dọ́gba: yáàdì 6 pọ̀ jù fún ẹnìkan, kò tó ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ má pariwo ìwọ̀n oníbàárà yín síta. Ẹ fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú ojú rírán, kí a lè tú u bí ara bá fẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin ará, bí ẹnìkan bá wọlé nínú aṣọ ọdún, ẹ kí i pé aṣọ yẹ ọ́. Ẹ fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Aṣọ ẹbí ni à ń pè é. Kí ó má ṣe lé ẹbí kankan sílé.

Àṣèyí ṣàmọ́dún o.