Sìmẹ́ǹtì àti Ayé Tí Ó Ń Gbóná

Kò sí ìlú tí ó lè dàgbà lóde òní láìlo kọnkéré. Ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti afárá ń fẹ́ ẹ. Síbẹ̀, nínú gbogbo carbon dioxide tí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ń tú sí ojú ọ̀run, tí ó sì ń mú ayé gbóná, nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń ti ibi ṣíṣe sìmẹ́ǹtì wá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iná ààrò nìkan ni ó fa èyí, pé bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ohun tí wọ́n ń dá iná sí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, ni wọ́n máa ń sun pọ̀ mọ́ amọ̀ títí ooru yóò fi tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ohun tí ó jáde ni kókó líle tí à ń pè ní clinker, tí wọ́n ń lọ̀ di sìmẹ́ǹtì. Bí òkúta náà ti ń jóná ni ó ń tú gáàsì inú ara rẹ̀ sílẹ̀, èyí sì ju ìdajì gbogbo rẹ̀ lọ. Bí a tilẹ̀ fi ìtànṣán oòrùn sun ún, yóò tú u sílẹ̀ náà ni.

Ọ̀nà àbáyọ, nígbà náà, ni kí clinker inú sìmẹ́ǹtì dín kù. Karen Scrivener ní Lausanne, ní ilẹ̀ Switzerland, àti Fernando Martirena ní Santa Clara, ní ilẹ̀ Cuba, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Íńdíà, ṣe irú èyí tí wọ́n pè ní LC3. Nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, 50 ni clinker, 30 ni amọ̀ sísun, 15 ni òkúta ẹfun tí a kò sun, 5 sì ni gypsum. Nǹkan bí 800 ni ooru tí amọ̀ náà ń fẹ́. Gáàsì rẹ̀ lè fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àtijọ́. Ní ọdún 2013, wọ́n dán an wò ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan ní Cuba. Amọ̀ tí kaolin pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó yẹ fún un, kaolin sì wà ní Ìjerò-Èkìtì.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí wé ìwà àwọn tí ń fi iyanrìn lú sìmẹ́ǹtì kí èrè wọn lè pọ̀. Amọ̀ sísun ń bá sìmẹ́ǹtì dì, ó ń di líle. Àpọ̀jù iyanrìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé tí ó bá wó ń gba ẹ̀mí, a ó sì tún jó òkúta mìíràn kí a tó lè tún un kọ́. Ilé tí ó bá pẹ́ láyé kì í béèrè sìmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mejì. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwọn tí ń kọ́lé lónìí ní láti rántí àwọn tí yóò gbé ayé lọ́la.