Àìsùn Tí Kì Í Ṣe Ti Àdúrà

Àìsùn tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe èyí tí ìjọ ń kéde. Ti àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni, tí wọ́n ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn bíi Korle Bu ní ìlú Accra yìí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ náà, ní bí wákàtí 4 lẹ́ẹ̀kan. Bí ilẹ̀ bá ṣú, oorun kì í wá. Ara a máa yún wọn. Ẹsẹ̀ a máa ṣe wọ́n bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀, àfi kí wọ́n dìde. Omi tí wọn kò lè tọ̀ a sì máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, tí èémí kò fi ní já gaara bí wọ́n bá dùbúlẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń fi ife omi àdúrà mẹ́ta mẹ́rin fún aláìsàn mu, ẹ jọ̀wọ́, ìwọ̀n tí oníṣègùn wí ni kí ẹ mọ. Ẹ fi ìyókù wọ́n ilé rẹ̀.

Owó pẹ̀lú a máa lé oorun. Ní oṣù September 2023, a gbọ́ pé owó ìfọ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ní Korle Bu kúrò ní sídì 380, ó di 765.42. Àwọn aláìsàn figbe ta, wọ́n sì dá a padà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sùn lóru ọjọ́ tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ dé?

Lẹ́yìn àìsùn ni ìrẹ̀wẹ̀sì. Ìwádìí ní ilẹ̀ púpọ̀ fi hàn pé nínú 4 wọn, ó lè tó 1 tí ó ní in. Oúnjẹ kì í wù ú, kì í fẹ́ rí ènìyàn, títí yóò fi wí pé òun kò lọ sídìí ẹ̀rọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dákẹ́ pátápátá, tí ó sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀, kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ láyé. Àwọn kan yóò ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó kéré. Èlíjà tọrọ ikú lábẹ́ igi. Áńgẹ́lì kò bá a wí, àkàrà àti omi ni ó gbé wá, Èlíjà sì tún sùn.

Kí aláìsàn sọ ti oorun àti ti ọkàn rẹ̀ fún oníṣègùn, nítorí ìtọ́jú wà fún méjèèjì. Kí ó má dá oògùn oorun rà. Kíndìnrín rẹ̀ lè má lè kó o jáde. Ẹ má fi ààwẹ̀ lé e lórí. Kí ẹ̀ka rẹ̀ yan ẹni méjì: kí ọ̀kan máa sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn, kí èkejì dúró ti ìyàwó rẹ̀ nílé, nítorí òun náà kì í sùn.